Ní Ti Yíya Àwòrán Ènìyàn àti Ìgboro

Àwa díẹ̀ tí a máa ń fi ọjọ́ Sátidé jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọjà pẹ̀lú ìwé funfun lórí itan ní ọ̀rọ̀ kan tí ó ti ń jẹ wá lọ́kàn láti ọjọ́ pípẹ́, a sì rò pé inú ìwé wa yìí ni ó tọ́ kí a ti sọ ọ́. Nígbàkúùgbà tí àlejò bá dé Òṣogbo, tí ó sì gbọ́ pé ayàwòrán ni wá, ohun tí ó kọ́kọ́ máa ń bi wá léèrè ni pé, "Òrìṣà wo ni ẹ yà?" Bí a bá wá fi ohun tí a yà hàn án, èyíinì ni obìnrin tí ó ń wọn ata, ọmọdé tí ó ru garawa omi, òrùlé páànù tí ó ti dípẹtà, ojú rẹ̀ a yí padà, a sì wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Èyí náà dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti Òṣogbo." A kò mọ ọjọ́ tí ìgboro Òṣogbo di ohun tí kì í ṣe ti Òṣogbo mọ́. Èyí ni a fẹ́ bá yín rò.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣì wá gbọ́. A kò fi ojú kékeré wo iṣẹ́ àwọn tí ó ṣíwájú wa. Ní ọdún 1962 ni Dúró Ládípọ̀, ẹni tí ó ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ rí kí ó tó di òṣèré, dá ilé Mbárí Mbáyọ̀ sílẹ̀ ní Òṣogbo, tí Ulli Beier sì ràn án lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ Ìgbò ni Mbárí, ṣùgbọ́n àwọn ará ìlú kò jẹ́ kí ó pẹ́ tí wọ́n fi sọ ọ́ di Yorùbá, pé bí àwọn bá rí i, inú àwọn yóò dùn. Ní ọdún 1964 ni Georgina, tí ó di aya Beier, kọ́ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin níbẹ̀ ní iṣẹ́ ọwọ́. Inú wọn ni Twins Seven-Seven wà, àti Mùráínà Oyèlámì, àti Adébísí Fábùnmi, àti Jímọ̀ Bùráímọ̀ tí ó ń bójú tó iná fún ẹgbẹ́ òṣèré Ládípọ̀ kí ó tó di ẹni tí ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe àwòrán. Ọ̀dà tí a fi ń kun ilé ni wọ́n ń lò lórí pákó pẹlẹbẹ. Iṣẹ́ wọn kan àwọn orílẹ̀-èdè òkèèrè lára, orúkọ ìlú yìí sì dé ibi tí rélùwéè kò gbé e dé. Àwọn ojúbọ tí Susanne Wenger, tí a mọ̀ sí Àdùnní, àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ tún kọ́ sínú igbó Ọ̀ṣun náà wà níbẹ̀, igbó tí àjọ UNESCO kọ mọ́ ohun àjogúnbá ayé ní ọdún 2005. Ta ni yóò kẹ́gàn irú nǹkan bẹ́ẹ̀?

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ àwọn àgbà wọ̀nyí dáadáa. Fábùnmi ya ìlú, ó to ilé lé ilé bí ẹni to ìṣáná sínú páálí. Oyèlámì ya ilé, ó sì ya orí ènìyàn láìmọye. Àsírù Ọlátúndé, alágbẹ̀dẹ tí ó di oníṣẹ́ ọnà, a fi òòlù lu bàbà àti álúmínì títí ọjà, ọba, igi àti ẹranko yóò fi kún ojú rẹ̀ bámúbámú. Ìgboro kò ṣàjèjì sí wọn rárá. Àwọn tí ń ra àwòrán ni ó dín Òṣogbo kù, tí wọ́n sọ pé iwin àti òrìṣà nìkan ni àwọn fẹ́. Ọbẹ̀ tí baálé ilé kì í jẹ, ìyáálé ilé kì í sè é, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ sì ti ń ya iwin tí wọn kò rí lójú àlá pàápàá, nítorí pé iwin ni ó ń tà. A kò bá ẹni tí ó rí iwin jà. Ẹni tí kò rí i, tí ó sì ń yà á nítorí owó, ni a ní kí ó yà sí ọjà kí ó wo ohun tí ń bẹ níwájú rẹ̀.

Ẹ̀sùn kejì wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé wa. Wọ́n ní yíya ojú ènìyàn kí ó jọ ẹni náà gan-an, iṣẹ́ òyìnbó ni. Pé àwọn baba wa kì í ṣe bẹ́ẹ̀, orí ńlá àti ẹsẹ̀ kúkúrú ni wọ́n máa ń gbẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí ń yà wá lẹ́nu. Ní ọdún 1938 ni àwọn tí ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ kan àwọn orí idẹ nínú ilẹ̀, orí tí imú rẹ̀ jẹ́ imú, tí ètè rẹ̀ jẹ́ ètè, tí ènìyàn sì lè rò pé bí òun bá kí i yóò dáhùn. Àwọn onímọ̀ sọ pé ó ti tó ọgọ́rùn-ún ọdún lọ́nà márùn-ún, ó kéré tán, tí a ti dà wọ́n, kí òyìnbó kankan tó kọ́ wa ní ohunkóhun. Nígbà tí Frobenius ará Jámánì rí irú iṣẹ́ yìí ní Ifẹ̀ ní ọdún 1910, kò gbà pé ènìyàn dúdú ni ó ṣe é. Ó ní àwọn Gíríìkì ni ó ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Àwọn tí ń sọ lónìí pé jíjọra kì í ṣe tiwa ń fi ẹnu ara wọn sọ ọ̀rọ̀ Frobenius, wọn kò sì mọ̀.

Bí a bá kúrò ní Ifẹ̀, a ó dé Ọ̀wọ̀, níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ère àkó fún òkú ọlọ́lá. Ère náà gbọ́dọ̀ jọ olóògbé, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi aṣọ dáradára wọ̀ ọ́, kí ará àti ọ̀rẹ́ lè wò ó kí wọ́n sì mọ̀ ọ́n. Ẹ fi ọ̀rọ̀ aṣọ yìí sọ́kàn, a ó padà sí i. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ náà ńkọ́? Ilẹ̀kùn tí ó gbẹ́ fún ààfin Ọ̀gọ̀gà ní Ìkẹ́rẹ́ kì í ṣe ìtàn ìgbà ìwáṣẹ̀. Òyìnbó ìjọba kan tí ń jẹ́ Ambrose wà níbẹ̀, wọ́n gbé e sórí ibùsùn bí a ti ń gbé wọn nígbà náà, ọba jókòó, ó ń dúró dè é. Ohun tí ojú Yorùbá rí ní ayé Ọlọ́wẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ó gbẹ́. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ibi ìpàtẹ ńlá ní Wembley ní ọdún 1924, ó sì wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. A kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni wí pé Ọlọ́wẹ̀ ń ṣe bí òyìnbó nítorí pé ó gbẹ́ òyìnbó.

Àwa tí a ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ kò sì gbọdọ̀ gbàgbé Aina Onabolu. Ìjẹ̀bú-Òde ni a ti bí i ní ọdún 1882. Fúnra rẹ̀ ni ó kọ́ bí a ti ń ya ojú ènìyàn, ní ìgbà tí ọ̀pọ̀ òyìnbó ń sọ ní gbangba pé iṣẹ́ náà kọjá agbára ènìyàn dúdú. Ní ọdún 1906 ni ó ya ìyáàfin kan ní Èkó, Spencer Savage. Ní ọdún 1920 ni ó ya Dókítà Ògúntọlá Sàpárà. Ẹ̀yin ará Iléṣà, ẹ gbọ́: ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni baba Sàpárà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Sàró ni wọ́n bí dókítà náà sí, òun sì ni ó wọ inú ẹgbẹ́ àwọn olùsìn Ṣọ̀pọ̀ná kí ó lè mọ àṣírí bí ìgbóná ṣe ń tàn kálẹ̀. Ní ọdún 1920 kan náà ni Onabolu wọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ iṣẹ́ sí i, ó dé ìlú Paris pẹ̀lú, ó sì padà wálé ní ọdún 1922 láti máa ti ilé ẹ̀kọ́ dé ilé ẹ̀kọ́ ní Èkó, ó ń kọ́ ọmọ Yorùbá pé ohun tí ó jìnnà a máa kéré lójú, àti pé òpó tí ó wà ní ọ̀ọ́kán kò lè ga tó òpó tí a fara tì.

Òun náà ni kò sinmi títí ìjọba fi rán olùkọ́ mìíràn wá láti ràn án lọ́wọ́, Kenneth Murray, ní ọdún 1927. Èyí tí ó wá ya ènìyàn lẹ́nu ni pé Murray kò fẹ́ ohun tí Onabolu fẹ́. Ó ní kí àwọn ọmọ fi ti Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀, kí wọ́n ya ayé abúlé wọn, kí wọ́n kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ baba wọn. Títí di òní ni àwọn ènìyàn ń jà lórí ta ni ó jàre. Ní tiwa, Onabolu fún wa ní irinṣẹ́, Murray sì tọ́ka sí oko. Ẹni tí ó ní ọkọ́ tí kò ní oko, àti ẹni tí ó ní oko tí kò ní ọkọ́, ebi kan náà ni yóò pa wọ́n. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi dandan lé e pé kí a mú ọ̀kan, Onabolu ni a ó tẹ̀ lé, nítorí pé òun kò sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ kankan pé ohun báyìí ni ènìyàn dúdú gbọ́dọ̀ yà.

Ẹ jẹ́ kí a sọ díẹ̀ nípa iṣẹ́ náà gan-an, nítorí pé àwọn tí kò ṣe é rí rò pé ojú ni ó ń yà á. Ní Òṣogbo, láàárín aago mọ́kànlá sí aago méjì, òrùn dúró sí àtàrí, òjìji kò sì sí lára ilé. Gbogbo nǹkan a tẹ́ pẹẹrẹ bí aṣọ tí a lọ̀. Ayàwòrán tí ó bá jáde ní wákàtí yẹn yóò kàn pa ọ̀dà lásán ni. Òwúrọ̀ ni a ń lọ, tàbí kí ó di ìrọ̀lẹ́, nígbà tí òrùn bá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, tí iwájú ilé kan bá mọ́lẹ̀, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ṣú. Ìgbà ọyẹ́ tilẹ̀ dára jù fún ìbẹ̀rẹ̀, nítorí eruku yóò ti bá ọ pa ohun tí ó jìnnà rẹ́, ìwọ yóò sì mọ èyí tí ó wà níwájú àti èyí tí ó wà lẹ́yìn láìṣe wàhálà.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ náà wà. Wọ́n máa ń sọ pé funfun, pupa àti dúdú nìkan ni Yorùbá mọ̀. Àwọn tí ń sọ ọ́ kò jókòó ti aláró rí. Òṣogbo ìlú aró ni a ń wí, alárò a sì máa sọ fún ọ bí aṣọ tí a rì lẹ́ẹ̀kan ṣe yàtọ̀ sí èyí tí a rì lẹ́ẹ̀mẹta, àti sí èyí tí ó dú títí tí ó fi ń dán. Pupa ńkọ́? Pupa páànù tí ó dípẹtà kì í ṣe pupa epo, pupa epo kì í ṣe pupa ilẹ̀, pupa ilẹ̀ lẹ́yìn òjò kì í sì í ṣe pupa rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Pupa òrùlé yìí ni ó fún wa ní ìyọnu jù lọ. Ọdún kan gbáko ni a fi ń yà á kí ó tó jọ òrùlé, a sì ti ba pákó púpọ̀ jẹ́ kí a tó mọ̀ pé aró díẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀.

Iléṣà yàtọ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ a máa gun òkè, a máa sọ̀ kalẹ̀, ènìyàn lè dúró sí ibì kan kí ó máa wo òrùlé ẹlòmíràn lókè orí rẹ̀ àti òrùlé ẹlòmíràn lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tí ó ní fèrèsé aláràbarà, tí ọ̀pá ọ̀nà wọn yí po bí okùn, owó kòkó àti owó òṣómàáló ni ó kọ́ púpọ̀ nínú wọn: ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí ó ru aṣọ dé ìlú onílùú, tí ó tà á láwìn, tí ó sì lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ajigbèsè títí owó fi jáde. Nígbà tí a bá ń ya ilé bẹ́ẹ̀, ìlóṣòó yẹn ni a ń yà. A ti rí i pé wọ́n ń wó wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tí yóò bá wa mọ ilé kan sí ipò rẹ̀ nígbà tí ó bá ti wó, bí kò ṣe ẹni tí ó ti yà á.

Àlejò kan wà tí ó ṣe ohun tí àwa onílé kò ṣe. Jacob Lawrence ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Amẹ́ríkà dúdú tí a bí ní ọdún 1917, tí ó dàgbà sí Harlem, tí ó sì ya àwòrán ọgọ́ta lórí bí àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe kó kúrò ní gúúsù lọ sí ìlú ńláńlá àríwá. Ó wá sí Nàìjíríà ní ọdún 1962, ó sì tún padà wá pẹ̀lú aya rẹ̀ ní ọdún 1964, wọ́n lo bí oṣù mẹ́jọ. Kí ni ó yà? Ọjà. Ẹran lórí tábìlì aláparun. Òpópó tí ó lọ sí Mbárí, tí èrò kún bí omi, tí páànù bò ní ọ̀tún àti ní òsì, tí aṣọ so kọ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Òpópó tí à ń bú lójoojúmọ́ pé ó dọ̀tí, tí ó há, tí a fẹ́ kí ìjọba gbòòrò sí, òun ni ó gbé lọ sí Amẹ́ríkà bí ẹni gbé wúrà. Inú wa dùn sí i, ṣùgbọ́n ó tì wá lójú díẹ̀.

Nísinsìnyí ni a ó wá sọ ohun tí ó mú wa kọ ìwé yìí, nítorí kì í ṣe àlejò nìkan ni ó bá wa wí. Ìyá kan wà ní Ọjà Ọba ní Òṣogbo, ata ni ó ń tà. Ní Sátidé mẹ́rin ni a jókòó ní ọ̀ọ́kán rẹ̀, a sì yà á: bí ó ṣe tẹ̀ síwájú lórí igbá, bí iṣan ọwọ́ rẹ̀ ṣe yọ, ìró rẹ̀ tí ó ti ṣá tí ó sì ya ní etí. Nínú gbogbo ohun tí a ti yà, òun ni ó dára jù lójú wa. A fi ìdùnnú gbé e lọ hàn án. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó wí pé:

"Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, kí ni mo fi ṣẹ̀ yín?"

A ní, "Ẹ má bínú, Ìyá. Ẹ̀yin ni a yà, ó sì jọ yín."

"Mo rí i pé ó jọ mí. Aṣọ tí ó ya ni ẹ yà. Èmi fúnra mi ńkọ́? Mo ní aṣọ òkè mẹ́ta nílé. Mo tọ́ ọmọ márùn-ún lórí ata yìí, ọ̀kan nínú wọn ti di olùkọ́ bí ẹ̀yin náà. Bí mo bá kú lónìí, ṣé èyí ni kí wọ́n máa wò?"

A kò rí èsì fọ̀. A ti ka ìwé púpọ̀ lórí òtítọ́ nínú àwòrán, a sì ti rò pé ẹni tí ó ya ìró tí ó ya ti sọ òtítọ́ ju ẹni tí ó ya aṣọ òkè lọ. Ṣùgbọ́n ìyá yìí, tí kò mọ Ọ̀wọ̀, ti sọ òfin ère àkó fún wa láìkọ́ ọ ní ilé ẹ̀kọ́ kankan: jíjọra nìkan kò tó, ọlá ẹni náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ilé ni a sì ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Àwa ti bá a ní ibi iṣẹ́, a kò sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kí a tó gbé ojú rẹ̀ lọ. Olówó a máa pe ayàwòrán wá sí ilé rẹ̀, a wọ agbádá, a jókòó bí ó ti wù ú. Òtòṣì nìkan ni a ń yà láìgba àṣẹ, a sì ń pe èyí ní òtítọ́.

A tún un yà nínú aṣọ òkè, ó jókòó sórí àga, ó fi ọwọ́ lé itan. Kí a sọ ọ́ bí ó ti rí, àwòrán kejì kò dára tó èkíní. Ọwọ́ náà ti sùn. Ojú náà ń wo wa bí ẹni tí ó wà níwájú afọ́tò. Ṣùgbọ́n òun ni ó wà lára ògiri yàrá rẹ̀, tí ó sì ń fi han gbogbo ẹni tí ó bá wọlé. Èkíní wà lọ́dọ̀ wa, a dojú rẹ̀ kọ ògiri. A kò tà á. Àwọn kan nínú wa ní kí a bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ́ kí a fi í hàn. Àwọn mìíràn ní a kò ní ẹ̀tọ́ sí i mọ́. Títí di ìsinsìnyí a kò tíì fi ohùn ṣọ̀kan, ẹ̀yin òǹkàwé wa sì lè kọ èrò tiyín ránṣẹ́.

Ohun kan kù. Nígbà tí a lọ dán iṣẹ́ olùkọ́ wò ní ilé ẹ̀kọ́ kékeré kan ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, a ní kí àwọn ọmọ ya ilé. Ọmọ mẹ́tàdínlógún ya ilé tí ó ní ihò èéfín lórí òrùlé. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà! Ọmọ tí ó ti abẹ́ páànù jáde ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, tí ìyá rẹ̀ dáná ní ẹ̀yìnkùlé, ni ó ń ya ihò èéfín, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí i nínú ìwé. A nu pátákó, a ní kí wọ́n ya ohun tí wọ́n rí ní ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́. Fún ìgbà díẹ̀ wọn kò lè yà á. Wọ́n ń wo ara wọn, bí ẹni pé a ní kí wọ́n tú àṣírí. Nígbà tí ó yá, ọ̀kan ya ọ̀kadà tí ó gbé ènìyàn mẹ́rin, ẹni ìkẹrin sì gbé ewúrẹ́ lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ ewúrẹ́ náà jẹ́ márùn-ún. Gbogbo kíláàsì pariwo pé àwọn mọ ẹni tí ó ni ọ̀kadà náà. Láti ìgbà náà ni àwọn ìyókù ti bẹ̀rẹ̀ sí í yà.

Ìyá aláta ránṣẹ́ sí wa ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá pé kí a wá ya ọmọ-ọmọ òun. Ó ní kí a má ṣe dé kí aago mẹ́rin tó lù, nítorí òun yóò kọ́kọ́ wẹ̀ fún un.